Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà ní Ilé Orí Omi

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Muṣin, báàgì kan lọ́wọ́, ìborùn lọ́rùn. Báàgì náà kò tóbi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú u wò lọ́jọ́ náà, aṣọ inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Bisikí ló kún ìyókù: ìdì bisikí méjìlá, irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá pupa dídán wé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa bisikí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló dójú tì mí. Bí mo bá fi í pamọ́ fún yín, irọ́ kẹta nìyẹn yóò jẹ́, méjì tí mo ti pa sì tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdáná àti ìtọ́jú ilé. Bí a ṣe ń gbàlejò, bí àlejò ṣe ń hùwà nílé onílé, èmi ni mò ń kọ ọ́ sójú pátákó tí àwọn ọmọ ń dà á kọ. Bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún ní àdúgbò wa tó mọ bí a ṣe ń gbé omi fún àlejò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ.

Dúpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Nígbà ìpàdé ìparí ọdún wọn, wọ́n kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sí bébà, wọ́n kó o sínú ike, wọ́n fa ọ̀kan jáde, ti Dúpẹ́ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀bùn náà ni ìrìn àjò ọlọ́jọ́ márùn-ún nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta dé àwọn erékùṣù Ìlàjẹ lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀sà ti ń fẹnu ko òkun. Òun ló yẹ kó lọ. Ọdún kẹjọ rèé tó ti wà nílé ọkọ ní Sábó láìrọ́mọ bí, ó nílò ìsinmi jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ó ní, "Màámi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ. Látìgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ibo lẹ lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ?"

Nígbà tí Ìyá Sùlé tí a jọ ń gbé ilé gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó fa ọwọ́ mi wọ kọ́rídọ̀. "Ẹ má jẹ nǹkan wọn o," ló wí. "Ará omi ni wọ́n. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ wọn, ojú oorun ni wọ́n á ti wá a wá." Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi jẹ́ ọ̀mọ̀wé, èmi kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ẹnu mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mí ti sọ ohun kan náà fún mi láti kékeré, pé ilé tí a kò bá mọ baba ńlá wọn, a kì í ki ọwọ́ bọ abọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ọjà Ojúwòyè, mo sì ra ìdì bisikí méjìlá.

Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ dé Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo san, nítorí èmi nìkan ni mo gba gbogbo ìjókòó. Ọmọkùnrin tó wà á bi mí pé, "Mọ́mì, ibo lẹ̀ ń lọ ní dúdú báyìí?"

"Mò ń lọ wo àwọn erékùṣù."

"Ẹ fẹ́ fowó wo omi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Tí òjò bá rọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ ṣáà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ́ rí i lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọkọ̀ tó gbé wa jẹ́ alájà méjì, funfun, ó ní ibùsùn mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìnlá ni àwa èrò, ọ̀pọ̀ wa ló ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan sì jẹ́ tọkọtaya láti òdìkejì afárá tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ariwo ẹ́ńjìnì rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, èmi tó jẹ́ pé iwájú ọlọ́lọ ni fèrèsé mi kọjú sí ní Muṣin, oorun ló tilẹ̀ ń fún mi. Ọ̀gá Oríyọmí ni atukọ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó tó àádọ́ta ọdún. Erékùṣù ni wọ́n ti bí i, Sùúrùlérè ló ti kàwé.

Kó tó tú okùn, ó kó wa jọ. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa. Ọjọ́ kẹta la máa dé abúlé. A máa pín yín sí ilé-ilé. Ẹ̀ẹ́ jẹun lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀ẹ́ sùn lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ á mọ́, ẹ̀ẹ́ padà sọ́kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe nǹkan ìran. Ilé èèyàn lẹ̀ ń lọ." Mo mi orí. Ó dà bíi pé ìwé tí èmi fi kọ́ni ló ń kà.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a gba abẹ́ afárá gígùn kọjá. Àìmọye ìgbà ni mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì lórí afárá yẹn, tí mo wo àwọn ilé orí òpó tó wà lójú omi nísàlẹ̀, tí mo sì ṣe "ṣìọ̀" fún àwọn tó ń gbé inú wọn. Àfi ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo rí i pé wọ́n ń gbá iwájú ilé. Obìnrin kan fi ìgbálẹ̀ kí wa láti orí pákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú ọkọ̀ wa, èmi náà kò dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní la dé Ẹ̀pẹ́. Ẹja tí mo rí lọ́jà ibẹ̀ tóbi débi pé orí ọ̀kan kún agbada. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n pe ẹja àrọ̀ kan tí n bá san ìlọ́po méjì rẹ̀ ní Muṣin. Alásè ọkọ̀ rà á, ó sè é pẹ̀lú ìrẹsì, mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni alásè náà, kò sì wá sí ọkàn mi láti bi í ta ni baba ńlá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà omi bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ewéko tó ń léfòó bo ojú omi bí ẹní, Ọ̀gá Oríyọmí á dín iná ẹ́ńjìnì kù, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ọ̀pá tì í sápá kan. Igi tí gbòǹgbò wọn dúró gángán lórí omi wà lọ́tùn-ún lósì. Kò sí eruku, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta oògùn. Èmi tí ariwo ti jẹ́ oúnjẹ etí mi láti ọjọ́ pípẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà bà mí lẹ́rù díẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo fọwọ́ kan bisikí mi, ọkàn mi balẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni a dé abúlé náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bínú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ lọ bèèrè obìnrin Muṣin. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló wà lórí òpó, afárá onípákó ló so ilé mọ́ ilé. Àwọn ọmọ tí wọn kò ju ọdún méje lọ ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, báàgì wọn wà lórí itan kí omi má baà tà sí i. Lápá kejì ni òkun wà. Ó ti gbé ilé tó pọ̀ lọ. Wọ́n fi òpó kan hàn wá tó yọ orí láàárín ìgbì, wọ́n ní ilé ìjọsìn ni tẹ́lẹ̀.

Ilé Ìyá Ọmọwùmí ni wọ́n pín mi sí. Obìnrin náà á tó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti wẹ̀, ó ti ró ìró tí n kò rò pé ó máa ń ró lójoojúmọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde. Òun àti Ọmọwùmí, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ opó, ló ń gbé ilé náà. Èdè Ìlàjẹ ló ń sọ. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n mo ní láti fara balẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ, nítorí náà ohun tó sọ, Yorùbá tiwa ni mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Pùpurú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń rẹ, wọ́n á ṣù ú rìbìtì, wọ́n á gbé e sókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha dúdú náà kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó bí a ṣe ń ro àmàlà. Ó funfun, ó ń rùn èéfín díẹ̀díẹ̀. Ẹja tútù àti edé ló wà nínú ọbẹ̀, epo rẹ̀ pọ́n. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n bù. "Láti ìdájí ni Màámi ti wà nídìí iná," ni Ọmọwùmí wí. "Wọ́n ní àwọn ò ní fẹnu kan nǹkan títí àlejò á fi dé."

Ọwọ́ mi ti fẹ́ lọ síbi omi ìfọwọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Sùlé létí mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mo máa ń rín sí àwọn òbí ọmọ, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ má bínú, mò ń gbààwẹ̀ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ní Èkó, ẹ mọ̀ pé ohun tí a máa ń sọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Onílé á ní, "Háà, ẹ kú ààwẹ̀ o," á gbé abọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ní Muṣin, mo lè gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan kí inú mi sì kún. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò gbé abọ́. Ó bi mí pé, "Ààwẹ̀ kí ni, ọmọ mi?"

N kò tíì rí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo wá ìdáhùn, èyí tó sún mọ́ mi jù lọ ni mo mú. Mo ní, "Nítorí ọmọ mi obìnrin ni. Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́jọ tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ." Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà. Òun ló burú jù níbẹ̀. Ẹkún tí ọmọ mi ń sun lórí ìrọ̀rí rẹ̀, òun ni mo fà yọ láti fi bo bisikí.

Ìyá Ọmọwùmí wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá eléyìí," ló wí, ó sì fi àgbọ̀n júwe Ọmọwùmí. "Irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í jẹ́ kí ìyá kan dá gbà á." Ó fi ọmọrí bo abọ́ tèmi. Ó fi òmíràn bo abọ́ tirẹ̀. "Ó di ìrọ̀lẹ́. Èmi àti ìwọ la jọ máa ṣínu."

"Màámi," ni Ọmọwùmí wí, "ẹ ò jẹun láàárọ̀."

"Mo gbọ́."

Ìbá dára kí n sọ ọ́ nígbà náà. Ó rọrùn nígbà náà. Àbí kí n ní mo fẹ́ ṣínu, pé Ọlọ́run yóò gbọ́. Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi tíṣà, èmi arúgbó, ń bẹ̀rù abọ́ ọbẹ̀. Nítorí náà mo jókòó, mo ń wo obìnrin tó ju mí lọ ní ọdún mẹ́tàdínlógún bó ṣe ń fi ebi pa ara rẹ̀ fún irọ́ mi.

Iṣẹ́ ẹní híhun ni iṣẹ́ rẹ̀. Koríko odò ni wọ́n fi ń hun ún, wọ́n á gé e, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á láró, òmíràn pupa, òmíràn dúdú. Ó jókòó sórí ilẹ̀ pákó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ìyá ìyá òun ló kọ́ ìyá òun, ìyá òun ló kọ́ òun, pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń jókòó sí, ẹni tó bá mọ ẹní á mọ ilé tí wọ́n ti hun ún. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá bó ṣe ń hun ún. Nígbà míì, ètè rẹ̀ á máa mì, mo sì gbọ́ orúkọ Dúpẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, ebi ń pa mí. Mo ní mo fẹ́ lọ yàgbẹ́. Ilé kékeré kan ló wà ní ìparí pákó, lójú omi, ibẹ̀ ni mo wọ̀. Mo yọ ìdì bisikí kan lábẹ́ ìró mi, mo dúró gbọnrangandan, mo jẹ ẹ́ tán láìmu omi. Èrúnrún rẹ̀ há mi lọ́nà ọ̀fun. Mo wá ju ọ̀rá rẹ̀ gba ihò sínú omi. Ní Muṣin, ohun tí a bá jù sí gọ́tà, ó lọ nìyẹn, a kì í béèrè ibi tó gbà. N kò rántí pé ní ibi tí òkun wà nítòsí, omi a máa lọ, a sì máa bọ̀.

Nígbà tí mo padà, mo nu ẹnu mi, mo jókòó tì í. Ó di bí aago mẹ́ta. Koríko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mú un, ó tún bọ́. Ọmọwùmí pè mí sẹ́yìn ilé. Omi wà lójú rẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun. Òòyì ń kọ́ wọn, wọn ò ní sọ fún yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, wọ́n á gbọ́."

Mo lọ bá a. Mo tún kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ bá mi jẹun. Ọlọ́run ti gbọ́."

Ó gbé ojú sókè kúrò lórí ẹní. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ìbínú nínú ìwò náà. "Ìwọ ńkọ́?" ló bi mí jẹ́jẹ́. "Ṣé ìwọ ti jẹun?"

Ẹ wò ó, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ṣí i gbayawu. Ohun tí mo sì sọ ni pé, "Rárá, Màámi. N kò tíì fẹnu kan nǹkan kan lónìí." Irọ́ kejì nìyẹn.

Ó mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Ó dáa. Ó kù díẹ̀."

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó bọ́ gèlè, ó gbé e lé itan, ó gbàdúrà. Kò gùn. Ó ní kí ẹni tó fún òun ní Ọmọwùmí má ṣe gbàgbé ọmọ kan tó ń jẹ́ Dúpẹ́ lọ́nà Èkó. Kò dárúkọ mi. Lẹ́yìn náà a jẹun. Mo jẹ pùpurú náà, mo jẹ ẹja náà, mo fi ìka lá ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ abọ́. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ́ni ní ìdáná, n kò se ọbẹ̀ tó tó o rí. Mo sùn, n kò lálàá kankan, kò sí ẹni tó wá mi wá lójú oorun. Ìtìjú nìkan ló jí mi nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó máa gbé wa padà ti dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tí Ìyá Ọmọwùmí gbé ẹrù kan lé mi lọ́wọ́. Ẹní ni, ó ká a, ó fi koríko dì í. Kò gùn ju apá mi lọ. Mo rò pé kò rí i hun tán ni. "Ti ọmọ ọwọ́ ni," ló wí. "Fún Dúpẹ́. Kó tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀." Ó tún gbé pùpurú mẹ́ta tó wà nínú ewé fún mi. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ nǹkan kan jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ má baà rí i. Ọ̀rá bisikí pupa ni. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a, ó ti ká a sí mẹ́rin.

"Omi wa kì í gbé nǹkan àlejò lọ," ló wí.

Mo di òpó àtẹ̀gùn mú. "Ìgbà wo lẹ rí i, Màámi?"

"Lánàá. Ọwọ́ ọ̀sán. Ó wá bá mi ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn níbi."

Ó ti rí i kó tó bi mí pé ṣé mo ti jẹun. "Ẹ sì tún gbààwẹ̀ náà dé ìrọ̀lẹ́?"

Ó wò mí bíi pé èmi ni n kò gbọ́ Yorùbá. "Ìwọ lo jẹ bisikí," ló wí. "Dúpẹ́ kò jẹ níbẹ̀."

Ọjọ́ méjì la fi padà. Ìdì bisikí mọ́kànlá tó kù wà nínú báàgì, n kò lè wò wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Oríyọmí rí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀, ó bi mí pé ṣé kò rẹ̀ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò mọ ìdí. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ omi.

"Mọ́mì, nígbà tí mo wà ní Sùúrùlérè, ilé ìwé tí wọ́n ń sùn sí ni mo wà. Ọjọ́ ìbẹ̀wò, màmá mi á wọ ọkọ̀ ọjọ́ méjì, wọ́n á gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá fún èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo wọn á ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ìgbà kẹta, mo sọ fún màmá mi pé kí wọ́n má gbé oúnjẹ wá mọ́." Ó dìde, ó lọ wo ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Bí a ti tún ń kọjá lábẹ́ afárá gígùn, mo dìde dúró, mo ń wá obìnrin onígbálẹ̀ ọjọ́ sí, kí n lè kí i. N kò rí i. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ìgbálẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri.

Dúpẹ́ ló wá pàdé mi ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ó ti sanra díẹ̀ lójú mi, àbí ìfẹ́ ló fi hàn mí bẹ́ẹ̀. Ó gba báàgì, ó rí ẹní. "Màámi, ẹní wo ló kéré báyìí? Ta lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ fún?"

Irọ́ kẹta ti wà lẹ́nu mi ní mímúra. Mo lè sọ pé wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri ni. Mo gbé e mì. Níbẹ̀, láàárín àwọn alábàárù àti àwọn tó ń ta omi tútù, mo sọ ọ́ fún un láti ìdì kìíní dé ọ̀rá tó wà nínú pọ́ọ̀sì mi.

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ mi jẹ bisikí," ni Dúpẹ́ wí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. "Obìnrin yẹn ò mọ̀ mí rí, Màámi." Ó gbé ẹní náà sí abíyá, ó ṣíwájú, mo tẹ̀lé e. Nínú kẹ̀kẹ́ dé Muṣin, orí itan rẹ̀ ló gbé ẹní náà sí.

Ìyá Sùlé ń gbá ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò jẹ nǹkan wọn ṣá?"

"Mo jẹ ẹ́," ni mo wí. "Mo jẹ ẹ́ tán." Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ dání, ó ń wò mí bí mo ṣe ń wọlé.

Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò pé kí ni ìrìn àjò kọ́ ọ. Èyí tó kọ́ mi kò gùn. Mo ti fi ìgbà ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń gbé oúnjẹ fún àlejò, n kò kọ́ wọn bí a ṣe ń gbà á, nítorí èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jí, n kò jẹun. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ha ẹ̀yìn pùpurú kan, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e kalẹ̀ de ìrọ̀lẹ́. Dúpẹ́ yà wá lẹ́yìn iṣẹ́, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí láìtan tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ jẹun, Màámi."

Mo ní, "Mò ń gbààwẹ̀ ni."

Ó wò mí bí Ìyá Ọmọwùmí ṣe wò mí lọ́jọ́ sí. "Òótọ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí?"

"Òótọ́ ni."

Ó dìde. Ó lọ sí yàrá mi, mo gbọ́ nígbà tó fa ṣíìpù báàgì, mo gbọ́ bó ṣe ń ka bisikí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni, ọ̀kan kò dín. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó gbé búrẹ́dì náà kúrò nílẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó tì mí. Òun náà kò jẹun títí oòrùn fi wọ̀.